A wọ aṣọ ẹbí gun Òkè Ìdànrè

Búbù àńkárá aláwọ̀ ewé tí mo rán fún ìrìn àjò yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Ó ya láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, mi ò sì gbé e fún télọ̀ kó tún un ṣe. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ya, torí mo mọ̀ pé bí họ́lídè bá ti dé, àwọn kan máa kó ẹbí wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè, ẹnì kan nínú wọn á sì ṣe gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe yìí lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìbàdàn là ń gbé. Àwa mẹ́fà la lọ: èmi, baálé mi, ọmọ wa mẹ́ta (ọ̀kan jẹ́ ọdún 13, èkejì 9, àbíkẹ́yìn 5), àti Màámi, ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 68. Ìparí oṣù Kẹwàá ni, wọ́n fún àwọn ọmọ ní họ́lídè àárín tááàmù. Èmi ni mo dá a lábàá. Mo ti ń rí Ìdànrè lórí fóònù tipẹ́, àwọn àpáta ràgàjì ràgàjì tó yọrí jáde láàárín ìgbó, àti ìlú àtijọ́ kan tó wà lórí wọn, tí àwọn ará ibẹ̀ fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú sí ìsàlẹ̀. Mo kà á pé láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ sí ara àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Mo sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ bíi tíṣà. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, kì í ṣe ìtàn ló ń gbé mi lọ. Fọ́tò ni. Mo ti rí i lójú inú: gbogbo wa nínú àńkárá kan náà, lórí àpáta, ojú ọ̀run lẹ́yìn wa.

Mo ra àńkárá, mo gbé e fún télọ̀. Nígbà tí télọ̀ wá wọn Màámi, Màámi bi mí léèrè pé, "Ìyàwó mi, ibi tí à ń lọ yìí, ṣé a máa rìn níbẹ̀?"

Mo ní, "Díẹ̀ ni, Màámi."

Díẹ̀! Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn máa gùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tí ìlú àtijọ́ náà wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dáhùn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá sọ iye rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò lọ, fọ́tò á sì dín ẹnì kan.

Mo kọ ètò wa sínú ìwé kékeré kan, wákàtí lẹ́yìn wákàtí. Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, a kúrò nílé. Aago mẹ́sàn-án, omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Aago kan, a jẹun l'Ákùúrẹ́. Aago mẹ́ta, a wọ Ìdànrè, a sinmi. Sátidé, aago méje, a gòkè. Ètò náà dùn ún wò nínú ìwé. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún máa ń fẹ́ tọ̀ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Mi ò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé télọ̀ kì í mú àdéhùn ṣẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì baálé mi la dúró dè láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú la tó kúrò nílé.

Bí a ṣe pẹ́ yẹn, ẹni tó bá gbọ́n á ti fi Olúmirin sílẹ̀, á wa ọkọ̀ rẹ̀ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ tààrà. Èmi ní rárá, ó wà nínú ìwé. A yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Omi náà lẹ́wà, kò sí àní-àní, ó ń já bọ́ láti ìpele dé ìpele, méje ni wọ́n ní àwọn ìpele náà. Baálé mi àti àkọ́bí wa gòkè lọ, èmi àti àwọn tó kù wà nísàlẹ̀. Màámi gbìyànjú díẹ̀ lórí àwọn òkúta tó tutù, wọ́n sì padà wá jókòó. Mo rí i tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orúnkún ọ̀tún, tí wọ́n ń rọra fi í yípo. Mo rí i kedere. Mo sọ fún ara mi pé oorun alẹ́ á tó o.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí. Bí àgbà bá wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ má so Olúmirin àti Ìdànrè pọ̀ mọ́ra. Ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ẹ fi ọjọ́ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ mú ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Òkè kò níí sá lọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a kúrò l'Ákùúrẹ́. Láti ibẹ̀ sí Ìdànrè kò jìnnà, ó lé díẹ̀ ní ogún kìlómítà. Ìgbà ìkórè kòkó ni. Káàkiri ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti sá kòkó sórí tapólì, wọ́n sì ti ń wọ́ ọ jọ nítorí ìrì alẹ́. Màámi ní kí n sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. Òórùn kòkó tó ti kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ya wọlé, àwọn ọmọ fọwọ́ dí imú. Màámi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọwọ́ kúrò nímú o. Owó ilé ìwé bàbá yín lẹ̀ ń gbóòórùn yẹn."

Abà kòkó ni wọ́n ti dàgbà, lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ títí a fi wọ ìlú, wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń la èso kòkó, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, bí ẹni tó sá kòkó ṣe gbọ́dọ̀ máa wojú ọ̀run ju ẹni tó ń wojú olólùfẹ́ rẹ̀ lọ, torí bí òjò bá pa á, ó ti bàjẹ́. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́sọnù. Fóònù ni mo ń wò, mo ń wá òtẹ́ẹ̀lì.

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti fi yàrá wa fún àwọn tó wá ṣòkú. Èmi ni mo jẹ̀bi díẹ̀: mi ò san nǹkan kan sílẹ̀, mo kàn ní "à ń bọ̀." A rí yàrá kan ṣoṣo níbòmíràn. Àwa mẹ́fà, bẹ́ẹ̀dì kan, ẹní kan. Aago mọ́kànlá ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Kò síná, kò sí fáànù, fóònù mi wà ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fóònù yìí sọ́kàn.

Láàárín òru ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ara òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, títí ó fi dà bí igbe ẹni tí wọ́n ń lù. Àbíkẹ́yìn mi gun orí mi. Baálé mi dìde jókòó. Nínú òkùnkùn ni mo gbọ́ ohùn Màámi láti orí ẹní, jẹ́jẹ́:

"Òwàwà ni. Ẹran kékeré báyìí ni, kò ju ológbò lọ, kò tiẹ̀ nírù. Ariwo nìkan ló ní. Ẹ sùn."

Ẹ gbọ́ o, orí ẹní! Ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dùn lórí ẹní, èmi àti àwọn ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ló ní dandan, ẹ̀yìn àwọn fẹ́ ilẹ̀ líle. Mo bá wọn jiyàn lẹ́ẹ̀méjì, mo sì gbà. Ìgbà kẹta ló yẹ kí n bá wọn jiyàn dé.

Bí oorun kò ṣe tó, aago mẹ́sàn-án la jí. A wá oúnjẹ, a rí àkàrà àti ògì, a wẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a wọ aṣọ ẹbí wa. Màámi wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí òun ló bá àńkárá náà mu. Èmi wọ kánfáàsì funfun tuntun tí abẹ́ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Búbù mi gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà òkè, wọ́n ní owó lọ́wọ́ ni kí a fi sanwó torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró. Baálé mi tún padà sínú ìlú lọ wá ẹni tó ní POS. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, oòrùn sì ti wà ní àtàrí.

Àwọn ọmọ ń ka àtẹ̀gùn. Ẹni ọdún mẹ́tàlá ń ka tirẹ̀ sínú, ẹni ọdún mẹ́sàn-án ń pariwo tirẹ̀. Amọ̀nà tí a gbà, ọmọ ìlú ni, ó ní 667 ni. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ìjókòó. Irin wà ní ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè dì mú. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó bá rọra gùn ún, kò ní nǹkan kan tó máa ṣe é. Ó le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú. Ohun tó mú un le fún wa ni pé èmi wà níwájú, mo ń wo aago, mo ń pè wọ́n: "Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní ibi ìsinmi kejì, Màámi kò jókòó. Wọ́n dúró, wọ́n di irin mú, wọ́n ń mí. Mo rò pé ara wọn le ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti wú kì í fẹ́ jókòó, torí dídìde ni ìṣòro. Ní ìkẹta, wọ́n jókòó, wọ́n sì ní, "Ẹ máa lọ. Mo gbádùn ibí yìí."

Ẹ̀yin ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ "ẹ máa lọ" ìyá ọkọ. Ó ní ìtumọ̀ bíi mẹ́rin, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí ẹ máa lọ nínú wọn. Baálé mi ní òun á dúró tì wọ́n. Mo ní fọ́tò ńkọ́? Amọ̀nà wa ní ṣé kí òun pe ẹnì kan kó wá dúró ti Màámà, kí a fún onítọ̀hún ní nǹkan díẹ̀. Mo ní a ò ní pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe èyí tó burú jù. Fóònù mi ti kú. Ti baálé mi kì í ya fọ́tò dáadáa. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín kí n fi ya fọ́tò." Wọ́n yọ ọ́ láti inú báàgì, wọ́n fún mi.

Mo fi ẹni ọdún 68 sílẹ̀ lójú ọ̀nà òkè, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá méjì, láìsí fóònù, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Mo ti kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá ọ̀nà tó máa gbà dùn ún gbọ́. Kò sí.

Àwa márùn-ún gòkè. Àwọn ọmọ parí kíkà wọn: ọ̀kan ní 659, èkejì ní 674, wọ́n jà lé e lórí. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí wa lára níbẹ̀ tutù bí omi àmù. Láti ibẹ̀, ó ku kí èèyàn rìn lórí àpáta àti ojú ọ̀nà inú koríko kó tó dé ìlú àtijọ́, tó wà ní àfonífojì láàárín àwọn òkè. A rí ààfin Ọwá, ilé alámọ̀ pẹ̀lú àgbàlá àti àwọn òpó gbígbẹ́. A rí ilé ẹjọ́ àtijọ́. A rí ibi tí wọ́n sin àwọn ọba sí. Amọ̀nà wa sọ fún wa pé Ùfẹ̀ Òkè ni àwọn ń pe ibẹ̀, torí láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, àti pé ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn ò kọ òkè sílẹ̀ o, orò ṣì ń gbé ọba àti àwọn àgbà padà síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó wo àgbàlá náà, ó bi amọ̀nà pé, "Ta ló ń bá ọba gbé omi wá sókè?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní omi wà lókè, ọba kò nílò kí wọ́n pọn ọ́n wá láti ìsàlẹ̀. Ó ní òkè yìí ló gbà wọ́n nígbà ogun, kò sẹ́ni tó lè ká wọn mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ogun tán, ọjà, ọ̀nà ọkọ̀ àti oko kòkó ló fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ rẹ̀," bó ṣe sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Mò ń wá ibi tí oòrùn á ti bọ́ sí ojú wa dáadáa.

Ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn la wà nígbà tí iṣẹ́ dé. Ojú ẹsẹ̀ náà wà nínú àpáta, wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, tọmọdé tàgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn ọmọ ti fi tiwọn sí i, baálé mi fi tirẹ̀ sí i, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi tèmi sí i, mo sì yọ ọ́ kíákíá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ la wà tí ọmọkùnrin kan tó ń ta omi sáré dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màámà tó wà nísàlẹ̀ ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní òjò ń bọ̀."

Mo gbójú sókè. Oòrùn ń ràn. Ìkùukùu funfun díẹ̀ ló wà lọ́nà jíjìn. Mo ní, "Sọ fún wọn pé à ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ó wò mí, ó wo búbù mi, ó yí padà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di àádọ́ta. Ká ya ti gbogbo wa, ká ya ti àwọn ọmọ nìkan, ká ya tèmi pẹ̀lú baálé mi, èyí kò dáa, ọmọ ti dijú, ẹ tún un yà. Ká tún lọ wo Omi Àpáàrá, omi ààrá. Ojú ọ̀run ti dúdú lẹ́yìn òkè tó wà lẹ́yìn wa, níbi tí àwa kò ti lè rí i. Nígbà tí ààrá àkọ́kọ́ sán, gbogbo àpáta ló dáhùn. Àkọ́bí mi ní, "Omi ààrá la wá wò, ààrá fúnra rẹ̀ ló wá pàdé wa." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Amọ̀nà wa kò jẹ́ kí a sá sábẹ́ igi, kò sì jẹ́ kí a dúró lórí àpáta gbalasa. Ó lé wa padà sínú ìlú àtijọ́, a wọ abẹ́ òrùlé ilé ẹjọ́, a fẹ̀yìn ti ògiri fún bíi wákàtí kan. Òjò náà kò ṣe é fẹnu sọ. Àbíkẹ́yìn sùn lọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Èmi ń wo fóònù Màámi lọ́wọ́ mi. Mo ń ronú ìjókòó kan lójú ọ̀nà, láìsí nǹkan tí wọ́n á fi pè wá. Baálé mi kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Kò ní fóònù lọ́wọ́." Ìyẹn nìkan.

Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró, mo sáré. Ẹ má ṣe é o. Àpáta tó tutù máa ń yọ̀ bí ilá. Ní àtẹ̀gùn bíi kẹwàá sísàlẹ̀, mo tẹ etí búbù mi mọ́lẹ̀, bàtà mi yọ, mo jókòó gbì, mo sì fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́rin. Aṣọ ya gbààràrà. Ìbàdí mi dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù Màámi fò lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ fọ́ yángá, fọ́tò tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí wà nínú rẹ̀. Mo dìde, mo di irin mú, mo ń sunkún, mo ń lọ.

A dé ibi ìsinmi kẹta. Kò sí ẹnì kankan. Ọ̀rá omi kan wà lórí ìjókòó, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo pe "Màámi!" Òkè dá a padà fún mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo wo inú igbó ìsàlẹ̀. Mi ò lè sọ ohun tí mo rí lọ́kàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn. Baálé mi ti gbé ọmọ fún amọ̀nà, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, obìnrin kan wà tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ páànù. Màámi wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí àpótí, súwẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni lọ́rùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń mọ kòkó tó ti gbẹ dénú nípa fífọwọ́ rún un. Ọmọ olómi yẹn ló mú wọn sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo bi wọ́n, nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé òjò ń bọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn.

Wọ́n ní, "Èmi ò wo ojú ọ̀run. Láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń rí ìsàlẹ̀. Mo rí i tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká tapólì kòkó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń sáré. Olókòkó kì í sáré lásán."

Baálé mi, tó ti dúró lẹ́yìn mi, bẹ̀rẹ̀: "Ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó…"

"Gbé òwe sílẹ̀," ni Màámi wí. "Ṣé ẹ ní ààbónikì?"

A kò ní. Mo gbé gèlè, mo gbé páńdà, mo gbé ọ̀dà ètè. Mi ò gbé ìpara ẹsẹ̀, mi ò gbé aṣọ òjò, mi ò gbé búrẹ́dì kan. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló ní Robb.

Alẹ́ ọjọ́ náà, orúnkún Màámi wú bí igbá. A gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sùn lórí ẹní, ìbàdí mi ń ró kì, kì, kì. Òwàwà tún ké. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ní Mọ́ńdè, a gbé wọn lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn, dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣẹ́, ara orúnkún ló ti ń jẹ, ó sì bi wá ta ló ní kí wọ́n gun òkè nínú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màámi ní, "Èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ." Ẹ ò rí ìyá bí?

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ohun tí mo mọ̀ báyìí nìyí. Ẹ sun Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè lálẹ́, kí ẹ sì ti san díẹ̀ sílẹ̀ fún yàrá, ní orúkọ ẹnì kan tí ẹ lè pè padà. Kí aago méje àárọ̀ bá yín ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá pẹ́ kọjá mẹ́sàn-án, ẹ fi di ọjọ́ kejì, ẹ lọ jẹ iyán nínú ìlú. Ní oṣù Kẹwàá, ọ̀sán ni òjò máa ń fẹ́ rọ̀, nítorí náà ẹ wo ojú ọ̀run, kí ẹ sì wo olókòkó. Ẹ gbé owó lọ́wọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi tó lé ní lítà kan, kí ẹ fi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ọ̀kan. Ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ di ilẹ̀ mú, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Ṣòkòtò ni kí obìnrin wọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, sísọ̀ kalẹ̀ ló máa ń dá a lóró ju gígùn lọ: kó fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, kó di irin mú, kí ẹnì kan wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ gba amọ̀nà, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá máa dúró lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan dúró tì í. Fóònù rẹ̀ ńkọ́? Kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó tún fóònù Màámi ṣe rí fọ́tò mọ́kàndínlógójì yọ nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló wù mí, èmi kọ́ ni mo sì yà á. Àwọn fúnra wọn ti yà á ní ibi ìsinmi kejì, kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn wa nìkan ló wà níbẹ̀, èmi níwájú, àwọn ọmọ tẹ̀ lé mi, àńkárá ewé ń gun òkè lọ.

Orúnkún ti ń san. Wọ́n ti ń rìn yí ilé ká láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí ọmọ olómi yẹn gé fún wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń bu ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Ìyàwó mi, márùn-ún ni wọ́n ní ibi ìsinmi yẹn, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

"Mo ti jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Ó ku méjì."